Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Tó Gbé Àkáǹtì Lọ

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìbàdàn, Èkó, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, àkáǹtì eFootball ti di dúkìá. Géèmù bọ́ọ̀lù orí fóònù ni, iléeṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é. PES ni a ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2021. Ọ̀fẹ́ ni gbígbá rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lágbára jù kì í bọ́ síni lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá a, á sì tún fi owó ara rẹ̀ ra kọ́ìnì, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pé bó ṣe fẹ́. Nígbà tí owó bá wá wọ́n, á ta gbogbo rẹ̀: á gbé ìméèlì àti páásíwọ́ọ̀dù tó fi ń wọlé fún ẹni tó bá rà á.

Konami kò fàyè gba káràkátà yìí. Ó wà nínú òfin tí gbogbo eléré tẹ "mo gbà" sí. Nítorí náà, kò sí ọjà tí iléeṣẹ́ náà ń ṣọ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ bí ọjà bá dàrú. Orí WhatsApp àti Telegram ni wọ́n ti ń ná an, alárinà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní MM ló sì di òpó tó gbé e dúró. Olùrà á san owó fún MM. MM á kéde pé owó ti wọlé. Olùtà á gbé àkáǹtì fún MM, MM á yẹ̀ ẹ́ wò, á yí ìméèlì orí rẹ̀ padà sí ti olùrà, á yọ owó iṣẹ́ rẹ̀, á fi ìyókù ránṣẹ́ sí olùtà. Bí MM bá jẹ́ olóòótọ́, ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lè sọ ara rẹ̀ di MM, ọwọ́ rẹ̀ ni àkáǹtì àti owó bọ́ sí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo tò sísàlẹ̀ yìí, wákàtí dé wákàtí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ìtàn ẹnì kan ṣoṣo. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ ni mo ṣà jọ sójú kan, kí ọmọ àti òbí lè rí ibi tí ọ̀nà ti yà.

7:10 àárọ̀

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn gbé àwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n ti ń ta àkáǹtì. Irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ lè gba èèyàn tó 1,024, kò sì sí ẹni tó mọ ìdajì wọn lójú. Ó kọ iye rẹ̀ sí i: ₦120,000. Owó ilé-ìwé ló ń lé e. Ó fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: "Mo fẹ́ tà á lónìí."

Gbólóhùn yẹn ni oníjìbìtì ń wá kiri. Kò wá àkáǹtì tó dára jù, ẹni tí ọwọ́ ń há ló ń wá.

7:50 àárọ̀

Ẹnì kan kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo rí àkáǹtì yín. Ẹ jẹ́ kí n san ₦110,000." Wọ́n ná an díẹ̀, wọ́n fẹnu kò sí ₦115,000. Olùrà wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: Ọdún wo ni ẹ ṣí i? Ìméèlì wo ló wà lórí ẹ̀? Ṣé ẹ so ó mọ́ Google? Ṣé rìsíìtì kọ́ìnì tí ẹ rà ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Olùrà tòótọ́ náà á béèrè gbogbo èyí. Jìbìtì kan wà tó jẹ́ ti olùtà: á ta àkáǹtì, á gba owó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á kọ̀wé sí Konami pé wọ́n jí i lọ, á fi rìsíìtì àtijọ́ ṣe ẹ̀rí, wọ́n á sì dá a padà fún un. Nítorí náà, ìbéèrè yìí fi ọkàn ọmọ náà balẹ̀. Ó rò ó pé ẹni tó ń bẹ̀rù jìbìtì báyìí kò lè jẹ́ oníjìbìtì. Kò mọ̀ pé gbogbo ìdáhùn òun ni ẹni náà ń kó pamọ́ láti fi ṣí ilẹ̀kùn.

9:30 àárọ̀

Wọn kò sọ̀rọ̀ ọjà mọ́. Bọ́ọ̀lù Arsenal ni wọ́n ń sọ, àti olùkọ́ tí kì í fún èèyàn ní máàkì, àti iná tí wọn kò mú wá láti àná. Olùrà fi àwòrán ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́, ó ní àwọn tí òun ti bá ṣòwò ló kọ ọ́. Àwòrán lásán ni; ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù méjì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Sùúrù ni apá àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ oníjìbìtì. Nínú géèmù EVE Online, tí iléeṣẹ́ CCP ti ilẹ̀ Iceland ṣe, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Guiding Hand Social Club rán àwọn èèyàn wọn wọ inú ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Ubiqua Seraph. Wọ́n lo nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀. Wọ́n bá wọn jagun, wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́, títí ọ̀kan nínú wọn fi di ẹni tí olórí ẹgbẹ́ náà gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2005, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kó ilé ìṣúra ẹgbẹ́, wọ́n sì fọ́ ọkọ̀ òfuurufú olórí wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò òfò náà sí owó gidi, ó tó nǹkan bíi $16,500. CCP kò dá nǹkan kan padà, nítorí òfin géèmù náà gba ẹ̀tàn láàyè, gbogbo ẹni tó wọ ibẹ̀ ló sì mọ̀. Ọmọ Ìbàdàn yìí kò wọ ibi tí ẹ̀tàn ti jẹ́ eré. Owó ilé-ìwé ló ń wá. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ta á: ìfẹ́ ṣáájú, olè tẹ̀ lé e.

12:15 ọ̀sán

Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun kò ní ta á láìsí MM, ó sì dárúkọ MM tí gbogbo gúrúùpù mọ̀. Olùrà fèsì kíákíá: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Èmi náà kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n dá gúrúùpù kékeré sílẹ̀, kí n pè wọ́n wá."

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta ti wà nínú gúrúùpù tuntun. Àwòrán MM wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àmì tó máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù nìkan ló yàtọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ka nọ́ńbà nígbà tí àwòrán bá ti jọ.

Ibí ni ọjọ́ náà ti yí, ó sì ṣòro láti rí, nítorí ohun tó tọ́ ni ọmọ náà ṣe. Alárinà tó dára ló yàn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ pe alárinà náà wá fún òun. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kò ju pé kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

1:40 ọ̀sán

"MM" gbé àwòrán rìsíìtì sínú gúrúùpù: ₦115,000, ó ti wọlé. Bó bá jẹ́ pé inú àkáǹtì báńkì ọmọ náà ni wọ́n ní owó wọ̀ ni, ìbá yẹ báńkì rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti gbọ́n sí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ MM ni wọ́n ní owó wà. Kò sí ohun tó lè yẹ̀ wò.

1:52 sí 2:01 ọ̀sán

1:52. MM: "Ẹ fi ìméèlì àti páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́."

1:54. Olùrà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, inú ọkọ̀ ni mo wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi fẹ́ lọ."

1:55. MM: "Ọjà mẹ́ta ló ń dúró dè mí. Bí ẹ ò bá tíì ṣetán, ẹ jẹ́ kí n dá owó olówó padà."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ṣiṣẹ́ náà. Láti àárọ̀ ni ọmọ náà ti ń ka owó yìí mọ́ tirẹ̀, ó ti fi san owó ilé-ìwé tán nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí kò tíì fojú kàn rí.

1:56. Ó fi ìméèlì àti páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́.

1:58. Kóòdù ìjẹ́rìísí wọ inú ìméèlì rẹ̀. MM: "Ẹ fi kóòdù yẹn ránṣẹ́ kíá, kò ní pẹ́ bàjẹ́."

1:59. Ó fi kóòdù ránṣẹ́.

2:01. Géèmù náà lé e jáde lórí fóònù ara rẹ̀.

Ó ju wákàtí mẹ́fà lọ tí wọ́n fi bá a ṣọ̀rẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gba ohun tí wọ́n wá gbà. Bí a bá wo ohun tí àwọn iléeṣẹ́ géèmù ti ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, a ó rí i pé àtúnṣe tó bá ní láárí kì í ju kí ó dá ọwọ́ èèyàn dúró díẹ̀ lọ. Nínú géèmù RuneScape, tí iléeṣẹ́ Jagex ti Cambridge ṣe, ojú ìwé méjì ni pàṣípààrọ̀ ní: ẹ̀yin méjèèjì á kọ́kọ́ gbé ohun tí ẹ mú wá kalẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ìwé kejì á tún gbogbo rẹ̀ kà fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n yọ ọjà kúrò ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá 2015, iléeṣẹ́ Valve ti Amẹ́ríkà, tó ni ọjà géèmù Steam, kéde pé bí àkáǹtì 77,000 ni wọ́n ń jí lóṣooṣù tí wọ́n sì ń kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá fi fóònù rẹ̀ fìdí pàṣípààrọ̀ múlẹ̀, ọjà rẹ̀ kò ní kọjá lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a dúró, wọ́n sì tún fi kún un lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n fi ọjọ́ méje sí pàṣípààrọ̀ inú géèmù wọn Counter-Strike 2: láàárín ọjọ́ méje náà, ẹni tí wọ́n bá jà lólè lè fa ohun ìní rẹ̀ padà.

Inú àwọn oníṣòwò kì í dùn sí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ ni àkókò. Ọmọ náà ní ọgbọ́n tó tó láti mọ̀ pé èèyàn kì í fi kóòdù ránṣẹ́; wọn kò kàn fún ọgbọ́n náà láyè láti dé. Àkáǹtì tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ kò sì ní Valve tí yóò dá a dúró. Olùtà fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìdádúró sínú ọjà ara rẹ̀.

2:45 ọ̀sán

MM ní kí ó fara balẹ̀, báńkì ń yọ àwọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù. Ní aago mẹ́ta, ó pe MM gidi lórí nọ́ńbà tó ti wà nínú fóònù rẹ̀ tipẹ́. "Àbúrò, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọjà yìí o. Ta ló ní èmi ni?"

3:30 ọ̀sán

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé jọ. Ọ̀kan ní òun mọ ẹni tó lè wá ibi tí nọ́ńbà náà wà, kí wọ́n lọ bá a nílé. Irú ìbínú yìí ti ba ayé èèyàn jẹ́ rí. Ní Shanghai lọ́dún 2005, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Qiu Chengwei yá ojúlùmọ̀ rẹ̀ ní idà inú géèmù Legend of Mir 3. Ẹni náà tà á ní 7,200 yuan. Qiu gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, wọ́n ní òfin kò dá irú dúkìá bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó gún ọkùnrin náà pa, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n wọ́n dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró.

Lákòókò kan náà, ẹlòmíràn kọ̀wé sí i: òun lè bá a gba àkáǹtì náà padà, kí ó san ₦15,000 ṣáájú. Jìbìtì kejì nìyí, orí ọgbẹ́ àkọ́kọ́ ló sì máa ń bà sí. Kò sí ẹnì kankan lóde tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà Konami lọ mú nǹkan jáde fún un.

4:40 ìrọ̀lẹ́

Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ fún ìyá rẹ̀. Oníṣòwò ni ìyá náà; ó ti ta ọjà fún ẹni tó fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn án rí. Kò bú ọmọ rẹ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì báńkì tó gbowó?"

"Màámi, kò sí owó tó kọjá lọ́wọ́ mi."

"Nígbà náà, ibi tí owó ti kọjá ni kí o wá."

Kí ó tó wá a, ó ṣe ohun mẹ́ta tó yẹ kí ó ti ṣe láti aago méjì. Ó yí páásíwọ́ọ̀dù ìméèlì rẹ̀ padà, nítorí èyí tó fún wọn fara jọ ọ́. Ó ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, pẹ̀lú nọ́ńbà méjèèjì, kí ẹni náà tó pa á rẹ́. Ó sì kọ̀wé sí Konami, ó fi àwọn rìsíìtì kọ́ìnì rẹ̀ sí i.

6:40 ìrọ̀lẹ́

Àwọn àgbà ní bí olè bá jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Nínú ọjà yìí, olè rí ibi fọn ọ́n láàárín wákàtí mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan pè láti Òṣogbo. Ní aago márùn-ún ló ra àkáǹtì kan ní ₦70,000, ó wá rí ẹgbẹ́ kan náà nínú ohun tí ọmọ Ìbàdàn gbé síta láàárọ̀. "Ìwọ lo tà á fún mi, àbí ìwọ àti ta ni?"

Wọ́n bára wọn jà lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, olúkúlùkù ń pe ẹnì kejì ní olè. Ọ̀rọ̀ ìyá ló tú u ká. Ọmọ Ìbàdàn béèrè: "Ta lo sanwó fún?" Ẹni yẹn ní orúkọ, ó ní nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, ó ní rìsíìtì. Ohun tí ọmọ Ìbàdàn ń wá láti ọ̀sán, ọwọ́ ẹni tó rò pé ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ló wà.

7:25 alẹ́

Ẹni tó san owó ni yóò pe báńkì, báńkì tirẹ̀ sì ni yóò kọ́kọ́ pè. Ó ka iye owó fún wọn, àkókò tó fi ránṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì tó gbà á, àti nọ́ńbà gígùn orí rìsíìtì tí wọ́n ń pè ní session ID. Báńkì ní àwọn yóò kàn sí báńkì kejì kí wọ́n lè dá ohun tó bá ṣẹ́ kù dúró, ṣùgbọ́n kí ó mú ìwé ọlọ́pàá wá lọ́jọ́ Ajé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí owó jáde nínú àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Olè lè yá àkáǹtì ẹlòmíràn lò, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn gidi kan wà ní ìdí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìwádìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá á fi òun rẹ́rìn-ín: ọ̀rọ̀ géèmù. Kí ó má sọ ti géèmù ṣáájú. ₦70,000 ni wọ́n fi irọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sì mọ ìyẹn. Géèmù pàápàá ti dé iwájú adájọ́ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Netherlands dájọ́ lórí àwọn ọ̀dọ́ méjì tó lu ọmọ ọdún 13 kan, tí wọ́n sì fipá gba ohun ìní rẹ̀ nínú RuneScape. Ilé ẹjọ́ ní olè ni wọ́n jà, nítorí ohun náà ní iye lójú ẹni tó lo àkókò àti agbára láti ní i.

9:00 alẹ́

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ọlọ́pàá kò lè dáhùn. Bí Konami bá dá àkáǹtì padà fún ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Òṣogbo ti pàdánù nìyẹn. Èyí ni ìkà tó wà nínú jìbìtì yìí: ó sọ ẹni méjì tí wọ́n jọ ṣẹ̀ di ẹni tí ń du ohun kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ohun tí báńkì bá rí gbà padà, ti ẹni tó san owó ni. Àkáǹtì, ti ẹni tó kọ́ ọ ni. Wọ́n á jọ jẹ́rìí, ẹnì kankan kò sì ní fi èsì pamọ́ fún ẹnì kejì.

10:30 alẹ́

Ọmọ Ìbàdàn gbé gbogbo rẹ̀ sínú gúrúùpù ńlá: nọ́ńbà, àwòrán, ìṣẹ́jú. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹnì kan ní wọ́n ti ṣe òun bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹnì kejì ní nọ́ńbà yẹn gan-an ni. Ìtìjú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn ni olè sì fi ṣe ọjà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ ṣe bí ìyá yẹn ti ṣe. Ìbéèrè ṣáájú ìbáwí.

Kí ọjọ́ náà tó parí, alábòójútó gúrúùpù gbé òfin tuntun jáde. Olùtà fúnra rẹ̀ ni yóò pe MM, lórí nọ́ńbà tí gúrúùpù ti fi ṣọwọ́ sí gbogbo èèyàn. Wọ́n á gbọ́ ohùn ara wọn kí ohunkóhun tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. MM á gba owó lónìí, àkáǹtì á sì kúrò lọ́wọ́ olùtà lọ́la.

Ẹnì kan ṣàròyé pé òfin kẹta yìí á lé oníbàárà sá. Kò ní lé ẹni tó yẹ kó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lóòótọ́ á ṣì fẹ́ rà á lọ́la.